Bàbá Alímì àti Epo Kámíọ̀n Tí Kò Rìn Mọ́

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ fún bàbá àgbà mi, Alímì ará Manigri. Àwọn ẹbí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a ó kà sétígbọ̀ọ́ gbogbo yín lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní èmi ni mo mọ̀wé, torí pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé Faransé ní Pénéssoulou. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí n kọ ọ́ pé ó jẹ́ ènìyàn rere, pé ó lawọ́, pé ó ń kírun lásìkò. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí bàbá tó kú, ó rán mi níṣẹ́ kan, iṣẹ́ náà kò sì jọ ti ọ̀rọ̀ ìyìn. Ó ní kí n wẹ orúkọ Bùráímà mọ́ lójú gbogbo Manigri. Bùráímà ni ọkùnrin tí ìlú yìí gbà pé ó pa Ṣàfúrá, àbíkẹ́yìn bàbá, lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ sílé ọkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá a lẹ́bi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo yín mọ̀, tí ẹ sì fi ń rẹ́rìn-ín. Kámíọ̀n kan, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́, wà lẹ́yìnkùlé wa, lábẹ́ igi irúgbá. Kò ní táyà. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbi tí awakọ̀ ń jókòó, adìẹ ló ń yé sí ibi ẹrù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kí ó rin ìṣísẹ̀ kan. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tán, bàbá á tẹ́ àpò sílẹ̀, á wọ abẹ́ kámíọ̀n náà lọ, á sì tú epo inú àpótí fitẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Fitẹ́ẹ̀sì ni ohun tí àwọn tó ti ọ̀nà Èkó wá ń pè ní jíà. Inú àpótí irin kan lábẹ́ ọkọ̀ ni àwọn irin eléyín rẹ̀ ń gbé, tí wọ́n ń fi eyín gbá ara wọn yí. Epo dúdú tó nípọn ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn run.

Abọ́ tánganran funfun kan ni ó ń da epo náà sí. Á gbé e bọ́ sínú oòrùn, á jókòó tì í, á máa rọra yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Á ti ìka méjì bọ̀ ọ́, á fi wọ́n ra ara wọn, á gbóòórùn rẹ̀. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi aṣọ sẹ́ epo náà, á sì dá a padà sínú ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Mo bi í nígbà kan, mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì rò pé mo gbọ́n ju gbogbo ilé lọ. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ ń wá nínú epo òkú?" Kò bínú, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mo ń wò ó bóyá ó ṣì ku kan."

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ ohun tó fà á. N kò bi í mọ́ títí mo fi dàgbà.

Bàbá kò kọ́ ọkọ̀ nílé ẹ̀kọ́ kankan. Nígbà tí àwọn Faransé ń kó àwọn ọkùnrin wa lọ la ọ̀nà ní tipátipá, òun náà wà lára àwọn tó ń ru òkúta. Kámíọ̀n tó ń kó òkúta bàjẹ́ lójú ọ̀nà, awakọ̀ rẹ̀ sì ń wá ẹni tó máa bá òun di irin mú. Bàbá di irin mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ kí ó tó ní tirẹ̀, ògbólógbòó tí oníṣòwò Faransé kan kò fẹ́ gbé padà sílé. Ó ń fi í kó iṣu wa lọ sọ́jà Bassila, ó sì ń fi í gbéraga. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún òkú, ọkùnrin yẹn gbéraga. Bí ẹ bá kí i lójú ọ̀nà láì kí kámíọ̀n, ó lè má dá yín lóhùn. Bí ẹ bá béèrè ìdí, á ní, "Àwa méjì lẹ bá, ẹ kí àwa méjì."

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn onígáráàjì ni ìpààrọ̀ epo yìí, tí àwọn Faransé ń pè ní fidánjì. Mẹkáníìkì kan wà ní Bassila nígbà náà, Tìmótì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fa epo, ó ní agolo tó fi ń wọn ọ́n, ó sì ní tákádá tó ń kọ ọjọ́ sí fún oníkámíọ̀n kí ó lè mọ ìgbà tó máa padà wá. Kí ènìyàn tó ra ata àti iyọ̀ tán lọ́jà, Tìmótì ti parí iṣẹ́. Kòtò kan wà lẹ́yìn gáráàjì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń da epo àtijọ́ sí. Kò sẹ́ni tó ń wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní ti bàbá, odindi ọjọ́ kan ni. Á kọ́kọ́ wa kámíọ̀n dé ìpẹ̀kun oko, á sì wà á padà, kí epo lè gbóná. Ó ní epo tútù máa ń fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tó gbóná ló ń kó o jáde. Lẹ́yìn náà ni á tú bóòtù ìdí àpótí náà, abọ́ funfun á sì ti wà nílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ da tuntun sí i, ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni ó ń lò, torí pé ihò là á já. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Bí epo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán níbẹ̀, ó ti tó nìyẹn, kò nílò agolo ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ fún àwọn tó bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Gáráàjì ń pààrọ̀ epo ni. Èmi, mo ń bi í léèrè ọ̀rọ̀."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì títí, pàápàá láti ìgbà tí bàbá ti kú. Ẹni tó bá ń ṣe é nílé máa ń rí ohun tí onígáráàjì kò ní sùúrù láti wò. Ṣùgbọ́n bí ohun tó rí bá burú, kò ní irin tí yóò fi ṣí àpótí náà. Tìmótì ní irin náà. Ká ní àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn díẹ̀ ni, n kì bá tí jókòó máa kọ ìwé yìí.

Ọdún tí Ṣàfúrá fẹ́ lọ sílé ọkọ ni kámíọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ajá. Ó máa ń hu díẹ̀ bó bá ń lọ síwájú, àmọ́ bó bá ń fi ẹ̀yìn rìn, ariwo rẹ̀ ń dé ojúde mọ́ṣáláṣí. Tìmótì gbọ́ ọ lọ́jà Bassila lọ́jọ́ kan tí bàbá ń fi ẹ̀yìn wọ ibi tí wọ́n ti ń já iṣu. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì wá dúró tẹ́tí sí i.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ kan. Mo fẹ́ ṣí àpótí yẹn."

"Ṣí kí ni? Epo ló ń fẹ́. Màá pààrọ̀ ẹ̀ nílé."

"Epo kọ́, Bàbá. Eyín kan ti ń ya nínú ẹ̀. Epo tuntun ò lè di eyín mú."

"Ìwọ ọmọ Àjàṣẹ́ yìí, wọn ò tíì bí ẹ nígbà tí mo ti ń di irin mú."

Èrò ti pé jọ. Tìmótì rí i pé òun ti dójú ti àgbàlagbà, ló bá dọ̀bálẹ̀ nínú eruku níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dọ̀bálẹ̀ náà ló ṣì ń sọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣí i." Bàbá gun kámíọ̀n rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń sọ ohun tó wí kó tó lọ: "Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ikùn kámíọ̀n mi, tèmi ni kó kọ́kọ́ ṣí."

Nígbà tó délé, ó ṣe ohun tí àwọn awakọ̀ ilẹ̀ wa kan ń ṣe nígbà náà tí wọn kò fi ń lanu sọ. Ó bu òrí nínú ìkòkò ìyàwó rẹ̀, ìyá àgbà mi tó bí Ṣàfúrá, ó yọ́ ọ lórí iná, ó sì dà á pọ̀ mọ́ epo tuntun. Òrí máa ń pa irin lẹ́nu mọ́, àmọ́ kì í wò ó sàn. Ìyá àgbà bínú. Kì í ṣe torí òrí nìkan, torí abọ́ náà ni. Abọ́ funfun yẹn wà lára ẹrù tí ìyá rẹ̀ fi gbé e fọ́kọ, láti ọdún gbọọrọ ni wọ́n sì ti ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà á ní, "Nínú abọ́ ìgbéyàwó mi lẹ tún da ẹ̀gbin sí?" Bàbá á ní, "Ìwọ náà wò ó. Ohun dúdú kì í hàn nínú abọ́ dúdú."

Lọ́jọ́ ọjà kejì, kámíọ̀n náà kò hu mọ́. Bàbá wà á kọjá níwájú gáráàjì Tìmótì ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ń gbé ẹyin. Kò fi ẹ̀yìn rìn lójú Tìmótì.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń gbọ́ ìwé yìí mọ àṣà kan, torí pé ó ti ń parẹ́. Ní ilé wa, ìyàwó tó bá ti jáde nílé bàbá rẹ̀ kì í padà sẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Bó bá gbàgbé nǹkan, ẹlòmíràn ló ń gbé e tẹ̀ lé e. Nígbà tí kámíọ̀n dé ìlú, àwọn ìyá wa gbé àṣà náà gùn ún: ọkọ̀ tó bá gbé ìyàwó kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn rìn. Bàbá ìyàwó kì í sì í sin ọmọ rẹ̀ lọ, nítorí náà bàbá kò lè wa kámíọ̀n náà fúnra rẹ̀. Bùráímà ni yóò wà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà, bàbá ló kọ́ ọ ní ọkọ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Pénéssoulou ni ilé ọkọ Ṣàfúrá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú, lákọ̀ọ́kọ́ nítorí àìsàn, lẹ́ẹ̀kejì nítorí òkú àgbà kan. Àwọn àna ti ń kùn. Wọ́n ní bó bá tún yẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn á mọ̀ pé Manigri kò fẹ́ fún àwọn lọ́mọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí bàbá kú, ó ránṣẹ́ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ìyá àgbà ti lọ sódò. Mo ní ó ti lọ. Ó tún ní kí n yọjú wò ó. Mo yọjú, mo ní kò sí nílé. Ìgbà náà ló tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ó ku ọ̀la kí Ṣàfúrá lọ ni mo tú epo. Mo rí eyín irin méjì nínú abọ́."

Mo ní, "Eyín fitẹ́ẹ̀sì?"

"Ti ẹ̀yìn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi. Mo gun kámíọ̀n, mo ní kó fi ẹ̀yìn rìn. Ó hó, kò rìn. Iwájú ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Kí lẹ wá ṣe, Bàbá?"

"Mo wà á yí ilé po, mo kọ imú ẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní láti fi ẹ̀yìn jáde."

Ó ń wo òrùlé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Tìmótì ti sọ ọ́ fún mi lójú ọjà. Ta ni mo fẹ́ wá sọ ọ́ fún?" Ó ní òun sọ fún ara òun pé ọkọ̀ ìyàwó kì í padà sẹ́yìn, nítorí náà kí ni ọkọ̀ ìyàwó fẹ́ fi fitẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn ṣe. Ó ní òun rò pé bí wọ́n bá ti dé Pénéssoulou, òun á gbé e lọ fún Tìmótì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú bí mi sí i. Ẹ má fi ojú burúkú wò mí, ẹni tó ń kú lọ ni mo ń bínú sí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bùráímà ńkọ́? Ọdún wo lọdún wo lẹ fi jẹ́ kó máa gbé ẹ̀bi yín kiri?" Ó ní, "Bùráímà ò mọ nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Èmi nìkan, Sùlé, ṣé o gbọ́?" Ó sọ ọ́ títí ó fi ń wú ikọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pe ìpàdé ìlú lórí ikú Ṣàfúrá. Ó ní, "Ọjọ́ àkọ́kọ́ le. Lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo ọjọ́ ló le ju tàná lọ."

Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní odò tó wà lọ́nà Pénéssoulou, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé yín. Òjò ńlá ti rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Láàárín Bassila àti Pénéssoulou, ọ̀nà máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ kí ó tó kan afárá onípákó kan. Ẹrù pọ̀ nínú kámíọ̀n náà: iṣu, ìkòkò, àwọn obìnrin tó ń kọrin, Ṣàfúrá lórí àpótí ẹrù rẹ̀, ó kọjú síwájú. Nígbà tí Bùráímà fi rí i pé omi ti gbẹ́ ìdí afárá, táyà iwájú ti gun pákó. Pákó kan kán. Kámíọ̀n náà dúró, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ṣàfúrá nìkan ni kò sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yìn kámíọ̀n ni ẹnu ọ̀nà wà, ẹ̀yìn náà ni ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń sìn ín ní kí ó jókòó, kí ó má fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà tó ti gbà kọjá. Wọ́n ní awakọ̀ á rọra fà á sẹ́yìn díẹ̀, Ọlọ́run á foríjì wọ́n. Bùráímà kó o sí fitẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ ohùn irin náà, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀. Ó hó, ó hó, kámíọ̀n kò mira. Àwọn ọkùnrin so okùn mọ́ ọn, wọ́n ń fà á. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Pákó kejì kán, kámíọ̀n náà sì dojú dé sínú odò. Omi ibẹ̀ kò ju ìbàdí lọ. Ẹrù ló wà lórí Ṣàfúrá.

Èmi kò mọ̀ ọ́n, mo kéré jù. Wọ́n ní ó máa ń gbé mi pọ̀n.

Wọ́n fa kámíọ̀n náà jáde wá sẹ́yìnkùlé wa, ìpàdé ìlú sì dá ẹjọ́ náà kíákíá. Ẹ ní ọwọ́ Bùráímà gbọ̀n, ẹ ní kò mọ fitẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ti iwájú, ẹ ní ọmọdé ni, kò yẹ kí wọ́n gbé ọkọ̀ ìyàwó lé e lọ́wọ́. Bàbá wà níbẹ̀, ó jókòó, ó gbé orí sílẹ̀. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ẹ rò pé ìbànújẹ́ ló dì í lẹ́nu. Bùráímà náà kò gbèjà ara rẹ̀. Ó kó lọ sí Doguè, kò wa ọkọ̀ mọ́. Ẹnì kan nínú yín kò jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni náà wà láàyè, ó mọ ara rẹ̀.

Nígbà tí a sin bàbá tán, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Doguè. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ dáadáa bí olùkọ́. Mo bá Bùráímà lóko, ó ń kọ ebè. Ó ti hewú lórí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo sì sọ gbogbo ohun tí bàbá rán mi. Mo ní a ó ka á sétí ìlú, orúkọ rẹ̀ yóò sì mọ́.

Ó fi ọkọ́ gúnlẹ̀. "Ó ní òun nìkan ló mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Bùráímà. Ó sọ ọ́ lásọtúnsọ."

"Ó ní mi ò mọ nǹkan kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jókòó sórí ebè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ó ní, "Bàbá ṣeun. Àmọ́ irọ́ ni wọ́n pa fún ẹ, Sùlé. Mo mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n tó gbé ẹrù Ṣàfúrá sókè, mo gun kámíọ̀n. Mo rí i pé wọ́n ti kọ imú ẹ̀ sọ́nà, Bàbá kì í gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ kan fitẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn, ó hó. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá wọn nínú ilé. Mo ní, 'Bàbá, ẹ̀yìn ò gbà o.' Bàbá lanu. Ó dá mi lójú pé wọ́n fẹ́ ní ká dúró ni. Ojú wọn ti rọ̀."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọn ò rí i sọ. Ìyá àgbà ló dáhùn. Wọ́n ní, 'Wọ́n ti yẹ ọjọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ mi ò padà sẹ́yìn, kí la fẹ́ fi ẹ̀yìn ṣe? Máa wà á lọ.' Bàbá wo ilẹ̀. Mo wà á lọ."

Ẹyẹ kan ń ké lórí igi òrí níbẹ̀, kò dákẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní, "Kí n sọ ọ́ lójú ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ ẹ̀? Àti pé awakọ̀ ni mí. Bí ẹ̀yìn ò bá gbà, èmi ni kò yẹ kí n lọ. Ẹ má wẹ̀ mí mọ́ jù."

Gbogbo ọ̀nà tí mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ padà, ara mi kò balẹ̀. Bàbá tó jẹ́ kí ọmọlọ́mọ gbé ẹ̀bi rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀bi kan ìyàwó rẹ̀ títí ó fi kú. N kò mọ bí mo ṣe lè bínú sí i mọ́, n kò sì mọ bí mo ṣe lè dárí jì í. Ó dàbí ẹni pé mo gbé ẹrù tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mo bá ìyá àgbà ní ìta gbangba, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "O ti Doguè dé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ni Bùráímà wí?"

Mo ti pinnu rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Mo ní, "Ó ní kí n kí yín, Ìyá."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ṣa á títí tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, mo sì fẹ́ dìde. Ó wá ní, "Ìwọ náà ti ń fi mí pamọ́. Bàbá rẹ fi mí pamọ́. Bùráímà, tí mi ò bí, ó fi mí pamọ́. Èmi náà sì jókòó nínú ilé yìí, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú u." Ó da ẹ̀wà náà sílẹ̀. N kò rí ìyá àgbà kí ó sunkún rí, kò sì sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Lọ mú bébà rẹ wá."

Mo mú un wá. Ó jókòó tì mí, ó sì sọ ohun tó wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí Bùráímà ṣe sọ ọ́ fún mi, kò yọ ẹyọ kan. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó bi mí pé báwo ni mo ṣe kọ orúkọ òun. Mo ní mo kọ Ìyá àgbà. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló wà ní Manigri. Ràbí ni wọ́n ń pè mí. Kọ ọ́."

Ràbí lorúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka ìwé yìí, òun nìyẹn tó jókòó níwájú yín. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Bùráímà. Ràbí fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ mú un wá láti Doguè, kí ó sì jókòó sórí ẹní kan náà pẹ̀lú òun.